Dígí Olómi àti Lẹ́tà Inú Àpò Tíṣà

                                        Ṣọ́ọ̀bù Saifudeen Oníwáyà,
                                        Òkè-Ẹlẹ́rìn,
                                        Ògbómọ̀ṣọ́.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù Karùn-ún, 2025.

Àtinúkẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ọmọ Tíṣà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ayọ̀mídé, ọkọ rẹ, ńkọ́? Moyinolúwa ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ tó ń mì nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ti bọ́, àbí ó ṣì ń fi ahọ́n tì í kiri? O kú iṣẹ́ òfì, o kú ìjókòó. Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí ẹ̀yìn máa ro ọ́. Ní tiwa, a wà, a sì ń dúpẹ́. Ràmọ́tà, ìyàwó mi, ní kí n kí ọ dáadáa, ó ní aṣọ tí o hun fún òun kò jẹ́ kí àwọn ará àdúgbò sinmi, gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń bèèrè ẹni tó hun ún. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí, máńgòrò sì ti pọ̀ débi pé ewúrẹ́ pàápàá ń ṣa èyí tó wù ú jẹ.

Mo mọ ohun tí o máa kọ́kọ́ sọ nígbà tí o bá gba lẹ́tà yìí lọ́wọ́ Mìkáílù awakọ̀. O ó ní kí ló dé tí Saifudeen kò pè mí, àbí fóònù rẹ̀ ti tún bọ́ sínú omi? Fóònù mi wà níbí, iná rẹ̀ kún. Láti ọjọ́ Sátidé ni mo ti gbé e lẹ́ẹ̀mẹta láti pè ọ́, bàbá rẹ ló ní n kò gbọdọ̀ pè ọ́. Wọ́n ní lẹ́tà ni o kọ, lẹ́tà náà ni a ó fi dá ọ lóhùn. Nítorí náà, bí o bá wà nídìí òfì, dìde kí o wá ibi tó dáa jókòó sí. Kí o má sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara rẹ láàmú, bàbá rẹ wà ní àlàáfíà, kò sí nǹkan búburú kankan nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Lẹ́tà tí o kọ sí wọn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá, èyí tí o fi ránṣẹ́ pẹ̀lú fìlà òfì yẹn, òun ni mo ń wí. Mo rántí ọjọ́ tí o sunkún sí mi létí lórí fóònù lẹ́yìn Kérésìmesì. O ní o wá sílé, bàbá rẹ ní káàbọ̀, wọ́n bèèrè ọ̀nà, wọ́n bèèrè ọmọ, wọn kò sọ gbólóhùn kan nípa lẹ́tà náà. O ní ó ti yé ọ, wọ́n ti kà á, wọ́n sì ti jù ú nù. O ní lóòótọ́ ìwọ lo jẹ̀bi, ìwọ lo fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ lọ hunṣọ ní Ọ̀yọ́ láìsọ fún wọn, tó jẹ́ pé ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n o ti bẹ̀bẹ̀, o ní ẹni tí o bẹ̀ kò gbẹ̀bẹ̀. Mo ní kí o ní sùúrù. Kí n má purọ́ fún ọ, èmi náà gbà nínú ọkàn mi pé wọ́n ti kà á. Gbogbo wa ló mọ Tíṣà. Ẹni tí yóò fún ọ ní mẹ́ta nínú mẹ́wàá, tí yóò tún dúró kí o dúpẹ́. Mo rò pé ọwọ́ òsì tí wọ́n fi ń bá ọmọ wí ni wọ́n mú dání, tí wọ́n gbàgbé ọ̀tún sílé.

Àtinúkẹ́, wọn kò kà á. Wọn kò lè kà á.

A mọ̀ pé ojú ń yọ wọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n a kò mọ̀ pé ó ti dé ibẹ̀ yẹn. O mọ bí wọ́n ṣe mọ gbogbo igun ilé wọn, wọn kì í kọsẹ̀, wọn kì í tá ràrà. Ìwé ìròyìn tí o rí wọn tí wọ́n tẹ́ sórí itan níwájú ilé nígbà Kérésìmesì, wọ́n kàn ń ṣí i ni. Ràmọ́tà ló kọ́kọ́ fura nígbà tó ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn. Ó ní ìwé ìròyìn kan náà ni Tíṣà ń ṣí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí pé àbàwọ́n epo kan wà lójú ewé kìíní tí òun fúnra òun ta sí i. Ìgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ni mo tó mú wọn lọ rí dókítà ojú.

Dókítà ojú ní awọ dídán tó wà níwájú ẹyinjú wọn méjèèjì ti wọ́, ó ti ṣe gbágungbàgun. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ ibẹ̀ á fọ́n káàkiri, lẹ́tà kan á di mẹ́rin, gbogbo wọn á sì gun orí ara wọn. Ó ní gíláàsì kò lè tún un ṣe, òun ò sì lè rí ẹ̀yìn ojú náà dáadáa láti mọ̀ bóyá ibẹ̀ ṣì dára. Nígbà tí a délé, Tíṣà ní ó tó gẹ́ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má mú àwọn lọ síbì kankan mọ́. Wọ́n tan rédíò wọn, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ó yẹ kí n sọ ti Dókítà Adébùkọ́lá fún ọ báyìí. Èyí kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o, ìwé ló kà tó fi di dókítà, iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin ẹgbẹ́ wa ni, òun gan-an ló ní kí n yéé máa pe òun ní ẹ̀yin. Lọ́dún tó kọjá ló gbé fáànù kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n tún wáyà inú rẹ̀ yí. Nígbà tó wá gbé e, ó tú u palẹ̀ lójú mi, ó ń wo bí mo ṣe yí i. Inú mi ru. Mo ti fẹ́ bi í pé ṣé ó rò pé mo jí wáyà rẹ̀ ni. Àṣé iṣẹ́ ló fẹ́ gbé fún mi. Ó ní òun ń wá ẹni tó lè yí wáyà tó kéré púpọ̀ kí ó má já, òun ti wá a kiri kí òun tó rí ọwọ́ mi.

Ohun tó ń ṣe kò jọ dígí tí ìwọ àti èmi mọ̀. Omi dúdú kan ni, ó ki bí epo, àwo tó wà nínú rẹ̀ kò tóbi ju ìdérí agolo mílíìkì lọ. Irin wà nínú omi náà, wọ́n ti lọ̀ ọ́ kúnná débi pé ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n òòfà ṣì lè fà á. Lórí omi yìí ló tẹ́ awọ fàdákà kan sí, tó fẹ́lẹ́ tó jẹ́ pé èèyàn kò gbọdọ̀ sín nítòsí rẹ̀. Awọ yẹn ló ń dán bíi dígí. Iṣẹ́ tèmi wà lábẹ́ àwo náà, wáyà mẹ́tàdínlógójì tí mo yí lọ́kọ̀ọ̀kan, kéékèèké. Bí iná bá gba inú ọ̀kan kọjá, á di òòfà, omi tó wà lókè rẹ̀ á sì wú díẹ̀. Díẹ̀ tí mo wí yìí, irun orí rẹ nípọn jù ú lọ.

Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú ojú tó ti wọ́ kọjá kì í jọ dé pọ̀. Apá kan á pẹ́, apá kan á yá. Kámẹ́rà á wo bí ó ṣe wọ́, kọ̀ǹpútà á sì sọ fún wáyà kọ̀ọ̀kan bí yóò ṣe fa omi tó. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti pẹ́, dígí á wú lọ pàdé rẹ̀. Ibi tó bá ti yá jù, dígí á rẹlẹ̀ dúró dè é. Gbogbo wọn á wá jọ dé, ohun tí ẹni náà ń wò á sì mọ́ kedere. Á tètè yé ìwọ tí o ń hunṣọ: bí òwú kan bá dẹ̀, o máa ń fà á le kí ó lè bá àwọn yòókù dọ́gba. Mo bi Dókítà pé ṣé kò sí dígí gidi tó ṣeé tẹ̀ báyìí. Ó ní ó wà, ṣùgbọ́n ti omi lè wú ju tiwọn lọ, ojú tó bá sì ti wọ́ jù, ti omi ló lè bá a dé ibi tó ń lọ. Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ báyìí, ojú Tíṣà ló wá sí mi lọ́kàn.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi bẹ̀ wọ́n. Mo bẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ àárọ̀, mo bẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, mo rán Ràmọ́tà sí wọn. Níkẹyìn, wọ́n ní àwọn á lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n lè fi àwọn lọ́rùn sílẹ̀.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí n kò tíì sọ. Ilé bàbá àgbà Dókítà ni ó fi ṣe láàbù, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí ilẹ̀ òkè rẹ̀ jẹ́ pákó. Àwọn ẹbí ń gbé ìsàlẹ̀, òkè nìkan ni wọ́n fún un. Omi sì ni dígí yìí, ohun gbogbo ló ń mì í. A fi túùbù ọ̀kadà mẹ́rin sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ìyẹn gbà á lọ́wọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń rìn. Ohun tí túùbù kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìkíni. Ìwọ náà mọ̀ wá. Àgbà ilé kan á gòkè wá wo ohun tí ọmọ wọn ń ṣe, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Dókítà tó jẹ́ ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin á kúnlẹ̀, pákó á dún, dígí á di adágún tí wọ́n sọ òkò sí. A ó dúró títí yóò fi rọlẹ̀, àgbà mìíràn á tún dé. Ọjọ́ kan wà tí a kò rí iṣẹ́ ṣe rárá nítorí pé ẹbí ń ṣèpàdé nísàlẹ̀. Dókítà wá ní kí n kọ ọ́ sára páálí pé: ẸNI TÓ BÁ WỌLÉ SÍBÍ, ẸNU NÌKAN NI KÍ Ó FI KÍNI. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, èmi náà ni mo kàn án mọ́ ara ilẹ̀kùn. Fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni mo fi kẹ̀kẹ́ gbé Tíṣà lọ. Wọ́n fi ọwọ́ lé mi léjìká gòkè, wọ́n jókòó, wọ́n gbé àgbọ̀n lé ibi tí wọ́n ní kí wọ́n gbé e lé. Pátákó lẹ́tà bíi ti ọsibítù wà ní òdìkejì. Dókítà ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń rí. Wọ́n ní àwọn ń rí èèrà tó ń jà. Dókítà tẹ kọ̀ǹpútà. Mo rí i tí àwọn wáyà mi gba iná, n kò gbọ́ nǹkan kan, n kò rí nǹkan kan tó mì. Mo rò pé kò ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń pe orúkọ wa ní kíláàsì. Ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, èmi tí ojú mi dára ní láti súnmọ́ ọn kí n tó rí i. Wọn kò ṣìṣe kan.

Nígbà tí wọ́n gbé ojú kúrò, wọ́n ti ọwọ́ bọ àpò inú bùbá wọn, wọ́n sì fa nǹkan kan yọ tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Kí n tó rí orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni mo ti dá ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ mọ̀. Ó ti gbó níbi tí wọ́n ṣẹ́ ẹ po. Mo wá rántí ohun tí Ràmọ́tà máa ń sọ, pé Tíṣà kì í jẹ́ kí òun kó aṣọ wọn fún ìfọ̀ láì jẹ́ pé àwọn fúnra wọn kọ́kọ́ tú àpò wọn. Oṣù mẹ́jọ, Àtinúkẹ́. Láti inú aṣọ kan bọ́ sínú òmíràn.

Wọ́n bi Dókítà bóyá èyí náà ṣeé wò pẹ̀lú ẹ̀rọ náà. Dókítà bi wọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kí ló dé tí wọn kò ti ní kí ẹnì kan kà á fún àwọn láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n ní ohun tí ọmọ ẹni bá kọ síni, a kì í gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ èébú, kí ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀, kí ó wà láàárín àwọn méjèèjì.

A fi ewé àkọ́kọ́ sára férémù tó wà níbi pátákó. Ẹ̀rọ náà kì í fi púpọ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni. Tíṣà gbé ojú sí i. Mo gbọ́ tí wọ́n ka “Bàbá mi,” wọ́n sì dúró níbẹ̀. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n yíjú sí ibi tí wọ́n mọ̀ pé mo wà. Wọ́n ní, “Saifudeen, o káre.”

Àtinúkẹ́, ìwọ náà wà ní kíláàsì yẹn. Ọdún mélòó ni wọ́n fi kọ́ wa? Ṣé wọ́n sọ “o káre” fún mi rí? Ta ló kọ́ wa pé ìdọ̀bálẹ̀ tí àyà kò bá kan ilẹ̀ kì í ṣe ìkíni, eré ìdárayá ni? N kò rántí páálí. N kò rántí omi. Kí n tó mọ̀, mo ti na gbalaja sórí pákó, gbì! Èmi tí mo ki pọ́pọ́ báyìí.

Mo gbọ́ tí Dókítà fa èémí. Omi ti dìde kan etí àwo, awọ fàdákà ti ya láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà ti funfun báláú. N kò lè dìde. Ojú tì mí débi pé mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tó wá sùn. Tíṣà ń bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, títí Dókítà fi ṣàlàyé fún wọn pé ìkíni Saifudeen ló ba dígí jẹ́. Wọ́n ní, “Ṣé àyà rẹ̀ kan ilẹ̀?” Dókítà ní ó kàn án dáadáa. Wọ́n ní kí ó má bá mi wí nígbà náà, àwọn ni àwọn kọ́ mi. Dókítà bú sẹ́rìn-ín, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì, ṣùgbọ́n èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ìdí tí n kò fi rẹ́rìn-ín ni pé mo mọ̀ pé wọ́n ti ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Nínú kẹ̀kẹ́ tí a gbé padà, wọ́n ti dá lẹ́tà náà padà sínú àpò, wọ́n fi ọwọ́ lé e. Dókítà sì ti pè mí sẹ́yìn kí a tó kúrò níbẹ̀, ó ní fàdákà tó ṣẹ́kù kò ju èyí tó lè tẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ, òkè òkun ni èyí tó tún kàn á ti wá, kò sì mọ oṣù tí yóò dé. Ọjọ́ mẹ́rin ni yóò fi tẹ́ èyí tó kù. Bí Tíṣà kò bá padà wá, tàbí bí ẹnì kan bá tún dọ̀bálẹ̀, ó di ọjọ́ mìíràn ọjọ́ ire. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi. Mo ní bí wọn kò bá ka lẹ́tà ọ̀rẹ́ mi, èmi ni mo dènà rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo lọ sílé wọn láti bẹ̀bẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Mo bá wọn ní ìdúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wọ bùbá funfun, fìlà òfì tí o fi ránṣẹ́ ló sì wà lórí wọn. N kò rí i lórí wọn rí. Wọ́n ní, ṣé a ń lọ ni àbí a kò lọ?

Nígbà tí a dé láàbù, wọ́n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n sì pàṣẹ bí ẹni tó wà níwájú àsẹ́ḿbìlì pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí àwọn lónìí, ẹni tó bá kí àwọn, àwọn á bá a jà. Gbogbo wa bọ́ bàtà. Dókítà ti lọ bẹ àwọn ará ìsàlẹ̀ kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ wọn. Àgbà kan ṣì gòkè wá láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Dókítà kò lè kúnlẹ̀, ó kàn dúró bí igi, ó ń fi ojú bẹ bàbá náà. Bàbá náà wo páálí, wọ́n wo Dókítà, wọ́n rọra padà sísàlẹ̀.

Ẹnì kan ní láti máa sún ìwé lójú férémù náà, Tíṣà kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ní èmi á dúró sẹ́yìn férémù, ẹ̀yìn ìwé nìkan ni n ó máa rí. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Mo fi Ọlọ́hun búra fún ọ, n kò ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Tíṣà á ní “síwájú,” mo máa sún un. Wọ́n á ní “dúró,” mo máa dúró. Ewé méjì ni o kọ, ó ju wákàtí kan lọ tí a fi wà lórí rẹ̀. Òógùn bọ́ sí mi lójú, n kò nù ún. Ẹsẹ̀ mi kan kú, mo fi èkejì dúró.

Ibì kan wà ní ewé kìíní, ó kù díẹ̀ kó parí, ìlà bíi mẹ́rin sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí a dé ibẹ̀, wọ́n ní “padà.” Mo dá a padà. Wọ́n tún ní “padà.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ka ibẹ̀. Ìwọ lo mọ ohun tí o kọ síbẹ̀.

Nígbà tí ewé kejì parí, wọn kò gbé ojú kúrò. Bàbá rẹ sunkún, Àtinúkẹ́. N kò ní fi í pamọ́ fún ọ, wọn kò sì ní kí n fi í pamọ́. Kò sí ẹni tó kúnlẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ní kí n fi í sára férémù náà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń wo òwú rẹ, ẹyọ ẹyọ, bí wọ́n ṣe máa ń wo iṣẹ́ àṣetiléwá wa, tí a ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí àyà wa á máa já. Àyà tèmi já níbẹ̀, bí ẹni pé èmi ni mo hun ún.

Dókítà ní ẹ̀rọ náà ti jẹ́ kí òun rí ẹ̀yìn ojú wọn, ó sì ti fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí dókítà ojú, tó ní ibẹ̀ mọ́, kò sí ohun tó ṣe é. Ó ti tọ́jú ìrísí tí dígí náà mú fún ojú wọn méjèèjì. Ìrísí yẹn ni wọn yóò fi ṣe lẹ́ǹsì kékeré kan tí wọn yóò máa fi sójú, tí yóò jókòó sórí ẹyinjú gan-an. Ó lè tó oṣù mẹ́ta kí ó tó dé. Kò búra fún wa pé yóò rí bíi ti inú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó ní ọkàn òun balẹ̀, ọkàn tèmi náà sì balẹ̀. Tíṣà ti ń bèèrè irú ìwé ìròyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Ìdáhùn wọn ló kù. Mo bi wọ́n pé kí ni kí n kọ sí ọ. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé àwọn ti kà á, àwọn fúnra àwọn ni àwọn sì kà á. Wọ́n ní àwọn ti wo ìhunṣọ rẹ náà, òwú rẹ tọ́, iṣẹ́ gidi ni. Wọ́n wá fún ọ ní máàkì. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Mo pariwo. Mo ní Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ fún mi ní mẹ́ta lórí lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ ní kíláàsì karùn-ún! Wọ́n ní mẹ́ta ló tọ́ sí mi nígbà náà. Mo bi wọ́n pé ọ̀kan tó kù ńkọ́, kí ni Àtinúkẹ́ ṣe tí wọ́n fi yọ ọ́. Wọ́n ní, “Mi ò yọ ọ́. Ó wà lọ́wọ́ mi nílé, kó wá gbà á.”

Bá mi kí Ayọ̀mídé. Bá mi gbá Moyinolúwa mọ́ra, kí o sọ fún un pé bàbá àgbà, bàbá ìyá rẹ̀, fẹ́ rí àlàfo eyín rẹ̀. Kí àwọn tí ẹ jọ ń hunṣọ. Apẹ̀rẹ̀ máńgòrò tó wà lọ́wọ́ Mìkáílù, tìẹ ni, ẹ̀gbẹ́ Ọjà Akẹ̀sán ni yóò ti já a fún ọ. Ṣí i lójú rẹ̀, nítorí pé ó fẹ́ràn máńgòrò ju ọ̀nà lọ. Bí o bá sì ń bọ̀, má wá ní ọjọ́ tí a bá wà ní láàbù. Wá sílé tààrà. Nílé, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni, o lè kúnlẹ̀ bí o bá ṣe fẹ́.

Èmi ni tìrẹ títí, ọ̀rẹ́ rẹ tó gba mẹ́ta,

Saifudeen